Ìyá Gàrí ti dé o, ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé "Ìyá Gàrí dà?", ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ pé mo ti kú, àti ẹ̀yin méjì tí ẹ ti ń bi ọmọ mi pé ta ni yóò ra ẹ̀rọ tí mo fi ń rin pákí, èmi gan-an ni mo ń fi ìka ara mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí. Mo wà láàyè. Ẹ̀rọ mi kò sí fún títà. Etí mi òsì nìkan ni kò tíì gbọ́ dáadáa, nítorí náà ẹni tó bá pè mí lórí fóònù tí mo ń ṣe "ẹn? ẹn?", kí ó má bínú, kí ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ibà Lásà ni. Mo kọ ọ́ gbangba báyìí nítorí ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti pọ̀ jù. Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe àṣàsí. Kì í ṣe pé mo jẹ owó èésú ẹnikẹ́ni. Eku ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọwọ́ tí mo fi tọ́jú ẹni mi ló sì gbé e wọ ara mi.

Ẹ mọ àbúrò ọkọ mi, ẹni tó máa ń bá mi di àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà lọ sí Ọ̀wọ̀. Nínú ọyẹ́ yìí ló ti oko dé pẹ̀lú orí fífọ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun igbó ni, eku sì ti ya wọ inú ilé, tó ò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àjà lóru bí ẹni ń ṣeré ìje. A ní ibà lásán ni. Oníkẹ́míìsì fún un lóògùn ibà, kò lọ. Ó gún un lábẹ́rẹ́, kò lọ. Ó gbé omi kọ́ ọ nínú yàrá. Ní ọjọ́ kẹfà kò lè gbé itọ́ mì mọ́, ojú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní ìdí eyín rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ibùdó ìlera tó rí i lọ́jọ́ náà ló ní òun ń pe àwọn kan. Èmi ni mo ń nu èébì rẹ̀. Àkísà àti ọwọ́ lásán. Kí ọkọ̀ tó dé lọ́jọ́ kejì, ó ti lọ.

Ọ̀sán ni mọ́tò àwọn elétò ìlera wọ abúlé. Àwọn mẹ́ta wọ aṣọ funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú wọn kò hàn, wọ́n gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ lọ fín kòkó. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ wẹ òkú, a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, àwọn ni yóò sin ín. Ìyá ọkọ mi dìde. Ó ní, "Ọmọ tí mo fi ọwọ́ mi wẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bí i, ẹ̀yin ní kí n má wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó ń lọ?" Gbólóhùn yẹn ló tanná ran abúlé. Àwọn ọ̀dọ́ gbé àdá, ẹnìkan sọ òkúta lu gíláàsì mọ́tò, àwọn aláṣọ funfun sá. Ẹ má bi mí bóyá mo wà níbẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Korobá omi pákí wà lọ́wọ́ mi, mo sì dà á.

Ọmọbìnrin kan wà lára wọn tí kò wọ aṣọ funfun, òun ló ń kọ orúkọ sínú ìwé. Òun ni mo da omi pákí lé lórí. Bó ṣe ń sáré, bàtà rẹ̀ ọ̀tún há sínú ẹrẹ̀ ibi tí a ti ń fún pákí, ó fi í sílẹ̀, ó fò wọ mọ́tò pẹ̀lú ẹsẹ̀ òfìfo. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọ yẹn ni mo ń torí ẹ̀ kọ gbogbo èyí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tó fi padà wá. Òun nìkan, lórí ọ̀kadà, pẹ̀lú ìró àti bùbá. Ó jìnnà díẹ̀ sí ìyá ọkọ mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, mà. Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lánàá: "Mà, kí lẹ máa ń ṣe fún òkú nílé yìí?" Ìyá ń sunkún, ó ń kà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ń kọ ọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti fẹnu kò níwájú baálẹ̀. Àwọn àna ni yóò gbẹ́ ilẹ̀. Àwọn tí yóò gbé e yóò kọ́kọ́ wá kí ìyá pẹ̀lú ojú wọn gbangba, kí wọ́n tó lọ wọ aṣọ funfun. Pásítọ̀ yóò gbàdúrà láti ìdí igi obì. Aṣọ òfì tó fi gbéyàwó yóò bá a lọ. Ìyá mú kànìnkànìn tuntun àti ọṣẹ dúdú wá, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀. Àdá kankan kò jáde. Òfin àná náà ni o, kò yí padà. Òkú yẹn, a ò wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kí wa.

Ó wá ku àwa tí a ti fọwọ́ kàn án, ènìyàn 14, pé kí ojú wà lára wa fún ọjọ́ 21, nítorí àrùn náà lè sá pamọ́ sára tó bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú. Ojoojúmọ́ ni ọmọ náà ń wá fi ẹ̀rọ tí ń ka ìgbóná ara síwájú orí wa. Abúlé pe nǹkan yẹn ní ìbọn. Wọ́n ní ó ń fa ọpọlọ. Ọmọ náà kọ́kọ́ yìn ín sí iwájú orí ara rẹ̀, ó yìn ín sí ti ọlọ́kadà, ó sì ní kí ọmọ mi ọkùnrin yìn ín sí òun. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ ti ń bá ara wọn jà pé ta ló kàn láti yìnbọn. Ìwé tí orúkọ wa wà, inú ọ̀rá búrẹ́dì ló ń gbé e sí, kí àwọn ará ọ̀nà má baà mọ ilé tó ń lọ.

Wọ́n kúkú mọ̀. Wọ́n so korobá ọ̀tọ̀ fún wa ní kànga, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ní ọjà, ìyá kan tó ti ń ra gàrí lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan ti gba kóńgò 6 láwìn. Ó dà á sí kòtò lójú gbogbo ọjà, ó ní òun ò ní sanwó ikú. Gàrí tí mo yan nínú agbada gbígbóná!

Ẹ̀yin elétò náà, ẹ ní ìpín tiyín. Ẹ ní ká jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kò fún wa ní kóńgò ìrẹsì kan. Pósítà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ilé baálẹ̀, eku ńlá kan lẹ yà sí i, ẹ fi ìlà pupa gé e lórí, "má jẹ eku". Jíjẹ ẹ̀ kò dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló jẹ ẹ́ nílé wa? Èyí tó ń tọ̀ sórí láfún tí a sá sẹ́bàá títì lẹ ò bá yà.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Mo mọ̀, mo sì fi pamọ́. Paracetamol méjì ni mo ń gbé mì kí ọmọ náà tó dé, ìbọn á sì ka 36. Ọjọ́ méjì ni mo fi tàn án. Ọjọ́ kẹta ó yọ ní kùtù, kí n tó lò ó. Ìbọn ka 38.9. Ó tún yìn ín. 38.9. Ojú rẹ̀ lọ sí fèrèsé, níbi tí sáṣẹ́ oògùn tó ti ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń ka ihò tí mo ti yọ oògùn níbẹ̀.

Mo ń retí ariwo. Ó jókòó sórí àpótí, ó ní, "Mà, ẹ̀rù ń bà yín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ó ń ba èmi náà. Oògùn kan wà, ó máa ń ṣiṣẹ́ jù tí a bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé. A ti pàdánù méjì. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó kù." Ó bẹ onímọ́tò pé kó má fọn fèrè, kó dúró sí ẹ̀yìn ilé-ìwé. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bá mi gbé àpò. Nítorí irọ́ ọjọ́ méjì yẹn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 21 àwọn ọmọ mi láti orí ìkíní. Àkọ́bí mi tó ti ń fi èédú sàmì sí ògiri fi omi nù gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò bá mi sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń jáde lọ.

Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ dé, n ò ní dárúkọ wọn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ "Lásà", ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ ti àga sí mi láti òkèèrè, bí ẹni ń lé adìẹ. Wákàtí mẹ́rin lábẹ́ igi máńgòrò. Èyí tí wọ́n wá gbé mi lọ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Ọjọ́ 10 ni wọ́n fi fa ribavirin, oògùn tí ọmọ náà sọ, sí mi ní iṣan.

Òru ọjọ́ kẹrin, obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì dákẹ́. Fáànù kan wà lókè tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, dídún ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ṣì wà. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, n ò gbọ́ fáànù mọ́. Mo wòkè, ó ń yí. Nọ́ọ̀sì dúró tì mí, ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sí ohùn. Mo ní ṣé báyìí ni ikú ṣe rí ni, ṣé ohùn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pa? Mo ké orúkọ ọmọ mi, n ò gbọ́ igbe ara mi. Etí ọ̀tún là lọ́jọ́ kẹta. Dókítà ní òsì lè gba oṣù, ó sì lè má là mọ́. Mo dúpẹ́ fún ọ̀tún, Halelúyà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní 2018, tí ìdánwò fi hàn pé ènìyàn 633 ló ní in ní Nàìjíríà, tí 171 kú nínú wọn, tí Oǹdó tiwa yìí wà lára ìpínlẹ̀ tó ti jà jù, èmi yìí ni mo wà lórí WhatsApp ẹgbẹ́ oníṣòwò, tí mo ní irọ́ ni, owó ni wọ́n fẹ́ jẹ. Ẹ lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà ara mi ni mo kọ́kọ́ bá wí. Ṣùgbọ́n màá bá yín wí.

Ìwọ tó sọ fún ìyá ọkọ mi pé oúnjẹ mi ló pa ọmọ rẹ̀, ìyá náà ló ń pọnmi fún àwọn ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní bó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí nǹkan kan ò ṣe àwọn 13 tó kù? Nínú ènìyàn 10 tó bá kó o, bíi 8 ni kò ní ṣe ju ibà díẹ̀ lọ, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ ní mọ̀. Wòlíì tó ní kí n wá lo ọjọ́ méje lórí òkè dípò ilé ìwòsàn, mo kí yín o. Mo gbọ́ pé ẹ ti ra ológbò.

Ẹ ò bi mí, màá sọ ọ́. Gàrí, láfún, ẹ̀lùbọ́, inú ike tó ní ìdérí tó há ni. Eku ń jẹ àpò. Ẹ má sá nǹkan sílẹ̀ mọ́jú. Ibi tí eku bá yàgbẹ́ sí, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ kọ́kọ́ fi omi bílíìṣì rin ín. Bí ẹ bá lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí ara ò rọ̀, ẹ kúrò lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ẹ̀yin ọkùnrin tó bá yè é, ẹ bi dókítà ìgbà tí ẹ lè padà sọ́dọ̀ ìyàwó, nítorí àrùn náà máa ń pẹ́ nínú àtọ̀ kó tó lọ tán. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní béèrè. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ bá wọn béèrè.

Lọ́jọ́ tí kíkà àwọn ọmọ parí, ọmọ náà yìnbọn ìkẹyìn. Ìyá ọkọ mi wọ yàrá, ó gbé bàtà ọ̀tún kan jáde. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti fi òróró pa á, ó ń dán. Ó ní, "Ọmọ mi, gba bàtà rẹ." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun ti ju òsì nù.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìdúpẹ́ mi, ẹ bá mi jó. Mo ti ra bàtà mìíràn fún un, méjèèjì. Gàrí ti wà nílẹ̀, nínú ike tó ní ìdérí. Ìyá tó da tèmi sí kòtò, owó kóńgò 6 yẹn ṣì wà lọ́rùn yín o, mà, iye tó ń lọ lọ́jà báyìí la ó sì fi ṣírò ẹ̀.