Ọdún tí Bàámi fọ Greeves mi

Oṣù kan ṣoṣo ni ọdún yìí ní: oṣù kẹjọ. Ìkejì wà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àkọ́kọ́. Àwọn yòókù, mo lọ síbi iṣẹ́, mo san owó ilé, òjò rọ̀. CZ, alùpùpù àtijọ́ mi kan, mi ò fọwọ́ kàn án. Maico, òmíràn, ẹ má bi mí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé mi ò kì í tún alùpùpù mi ṣe. Mọ́tòkírọ́ọ̀sì (alùpùpù ìje inú ẹrẹ̀) àtijọ́ tí mo bá rà, bó ṣe dé náà ni yóò ṣe wà: ẹrẹ̀, ìpẹtà, ìjókòó tó ya. Ìyá Ìbejì ní àìsàn ni. Ẹ sì mọ Greeves Challenger 1965 tí mo fi owó ìsinmi wa rà (òun náà ò gbàgbé). Thundersley ni wọ́n ti ṣe é, níbí ní Essex. Ọ̀pá irin ni àwọn yòókù fi ń ṣe egungun iwájú. Greeves da alumíníọ̀mù, ó nípọn gbàǹgbà, ẹ ó dá a mọ̀ lókèèrè. Greeves ni Dave Bickers gùn tó fi gba ipò kìíní nínú ìje mọ́tòkírọ́ọ̀sì 250cc (ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì nìyẹn) ilẹ̀ Yúróòpù ní 1960 àti 1961. Tèmi ti di àwọ̀ eérú, àpá òkúta ọgọ́ta ọdún wà lára rẹ̀. Àpá yẹn ni mo sanwó fún.

Bàámi dé láti Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn lórí àpótí ní gáréèjì, síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, Brasso lọ́wọ́. Ẹrẹ̀ ara táyà ti bá omi lọ. Wọ́n ti fi Brasso nu alumíníọ̀mù náà láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì, ó ń dán bí abọ́ ìyàwó tuntun.

Ká má purọ́, mo jágbe. Mi ò jágbe mọ́ Bàámi rí. Wọ́n dé Brasso, wọ́n nuwọ́. "Má bínú. Mi ò mọ̀ pé ìdọ̀tí ń gbówó lórí ní Lọ́ńdọ̀nù." (Gbogbo ìlú òyìnbó, Lọ́ńdọ̀nù ni.) Ọjọ́ méjì ni mo fi ń kí wọn bí àlejò, kí Ìyá Ìbejì tó parí ìjà.

Mo wá sọ fún wọn pé Bert Greeves tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó fi sí kẹ̀kẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tí kò lè rìn ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni rere ni. Ẹni rere ò ní fẹ́ kí nǹkan rẹ̀ dọ̀tí."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kó tó dáhùn. Èéfín bo gáréèjì, bẹntiróòlù pẹ̀lú ọ́ìlì. Bàámi fà á símú: "I better pass my neighbour!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n wá sọ ti Suzuki 100 tí wọ́n fi gbé Màámi lọ sílé ìgbẹ̀bí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Mi ò gbọ́ ọ rí.

Oṣù tó ṣìkejì, tí mo ní ó wà, ni oṣù kọkànlá. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láago mẹ́rin ìdájí. Ẹ̀yin tí ẹ fi àdúrà àti owó ránṣẹ́, ẹ ṣé, a ò ní fi irú ẹ̀ gbà á. Aṣọ ẹbí tí wọ́n rán dè mí kéré, ṣòkòtò dúró sí ojúgun. Mo jó bẹ́ẹ̀.

Lóṣù kẹrin, tí Ọlọ́run bá fẹ́, màá gbé Greeves náà lọ sí pápá, kì í ṣe láti díje, ẹ̀yìn mi ò gbà. Ká kàn yípo lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni kan wá wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fọwọ́ pa ibi tó ń dán, ó mirí. Ó ní òun mọ ohun tí wọ́n ń fi sí i tí yóò fi padà di eérú. Mo ní ó ṣé.

Ibi tó ń dán náà ti ń ṣú fúnra rẹ̀ láti etí. Brasso Bàámi ṣì wà lórí pẹpẹ, ó ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀mejì.