Ohun tí igi obì bàbá mi kọ́ mi nípa ewì kíkọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ ewì nípa igi àti ẹyẹ, ẹ gbọ́ mi o. Inú mi ò tíì rọ̀ bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti ta oko kòkó bàbá mi, wọ́n ti pín in sí plọ́ọ̀tì, kò sẹ́ni tó pè mí sí i.

Ìgbà tí mo fi débẹ̀, katapílà ti ń ṣiṣẹ́. Igi obì tí bàbá máa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ ló kàn. Kò tètè wó. Wọ́n tì í, ó mì, obì tí ò tíì gbó ń já lulẹ̀, wọ́n tún tì í, gbòǹgbò ẹ̀ wá ń já lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń gbọ́ ọ, ilẹ̀ pupa là sílẹ̀, àwọn ẹ̀ga orí ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń pariwo, igi yẹn ṣì tún dúró díẹ̀ kó tó ṣubú. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo sunkún, mo padà sílé, mo kọ ewì, ewì náà ti parí báyìí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀: ẹ pe igi lórúkọ! Ewì "igi tútù, ẹyẹ ń kọrin" yẹn, ẹni tí ò wọ oko rí náà lè kọ ọ́. Ẹ wo akéwì wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí wọn sí ní 1947. Nínú ìwé ewì wọn, The Eye of the Earth, tó jáde ní 1986, wọn ò kàn sọ pé òkúta, Olósùnta, orúkọ àpáta ńlá ìlú wọn, ni wọ́n pè é. Inú ìwé yẹn kan náà ni wọ́n ti kọrin òjò, àfi ìgbà tí ìjì Katrina dé ní 2005, omi bo ilé wọn ní New Orleans, l'Amẹ́ríkà, àwọn àtìyàwó wọn há sínú àjà, ìwé wọn bómi lọ, aládùúgbò kan ló yọ wọ́n. 2011 ni ìwé ewì wọn lórí ẹ̀ tó jáde.

Ẹ̀kọ́ kejì: ẹ kọ ohun tójú yín rí. Àwọn kan ti ní mo fẹ́ fi ewì bú ẹbí mi. Rárá o, mi ò dárúkọ ẹnì kankan, igi ni mo dárúkọ.

Ẹ̀kẹta ò jìnnà sí ti àkọ́kọ́. Ẹ bá àwọn òbí yín lọ sóko báyìí tí wọ́n ṣì wà, kí wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka fún yín: arère nìyí, ayùnrẹ́ nìyí, apá nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lóko níbẹ̀.