Ọjọ́ tí mo mu kọfí níbi tí Tim Hortons ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti takisí o, torí inú ṣì ń bí mi. Bọ́ọ̀sì Toronto sí Hamilton, ní Canada níbí, dáa, kò sí wàhálà, àmọ́ bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀ báyìí òtútù gbá mi lójú, mo bá kó sínú takisí tí mo kọ́kọ́ rí, kò bèèrè, èmi náà ò bèèrè, àfi ìgbà tá a débẹ̀ tó ní dọ́là 35. Dọ́là 35! Nígbà tí mo pe àǹtí mi ní Brampton, wọ́n ní bọ́ọ̀sì ìgboro ò tó dọ́là 4. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná an kẹ́ ẹ tó jókòó.

Ottawa Street ni mò ń lọ. Ibẹ̀ ni Tim Horton, tó ń gbá họ́kì orí yìnyín fún Toronto Maple Leafs, ti ṣí ṣọ́ọ̀bù kọfí àti dónọ́ọ̀tì lọ́dún 1964, èyí tó di Tim Hortons. Jàm̀bá mọ́tò ló pa á ní 1974. Ron Joyce, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ tí wọ́n jọ da òwò pọ̀, ló wá sọ ṣọ́ọ̀bù náà di iléeṣẹ́ ńlá.

Mo ní "double-double", ìyẹn kìrímù méjì, ṣúgà méjì. Ọmọ tó ń tajà ò bi mí ní ìbéèrè kejì, ife gbígbóná yẹn ló yọ́ ìka mi. Mo ra Timbits náà, bíi puff-puff kéékèèké ni, ṣùgbọ́n ṣúgà tó gbẹ mọ́ ọn lára ń ṣí bí èèpo bí mo ṣe dì í mú. Ó dùn o! Ó sì yẹ owó ẹ̀.

Àwọn bàbá òyìnbó mẹ́rin jókòó sí kọ̀rọ̀. Ọ̀kan ní ojoojúmọ́ làwọn ń wá, pé Canada gan-an nìyí. Mo ní, ṣebí 2014 ni wọ́n pa Tim Hortons pọ̀ mọ́ Burger King, iléeṣẹ́ búgà ti Amẹ́ríkà, tó sì jẹ́ 3G Capital, iléeṣẹ́ olùdókòwò ti Brazil, ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ nígbà yẹn? Bàbá ní àwọn mọ̀, ó dun àwọn, àmọ́ àga yìí làwọn ń jókòó lé láti ìgbà táwọn ti fẹ̀yìn tì. Mo gbà fún wọn, torí kì í ṣe ẹni tó ń ká èrè ló ni ibi táwọn èèyàn ti ń kí ara wọn láàárọ̀.

Wọ́n bi mí níbo làwọn àgbà wa ń jókòó sí. Mo sọ abẹ́ igi tí bàbá mi àgbà ti ń ta ayò fún wọn. Bàbá yẹn bá fi ẹsẹ̀ ti àga kan sọ́dọ̀ mi.