Ọjọ́ kan létíkun Penha

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, erékùṣù Itaparica, Brazil

Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Salvador láàárọ̀, ó gbà wá bíi wákàtí kan kí a tó gúnlẹ̀ sí Bom Despacho, èbúté erékùṣù náà. Wọ́n ní lópin ọ̀sẹ̀, èrò kì í jẹ́ ká rí ibi tẹ́ ẹsẹ̀ sí. Lónìí, ajá kan ṣoṣo ni mo bá létíkun Penha, ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì etí omi.

Bar Beach l'Ékòó ni òkun tí mo mọ̀ ní kékeré, kí wọ́n tó kó yanrìn dí ibẹ̀ di Eko Atlantic. Òkun ọ̀hún ń bú ramúramù, bí o kò bá pariwo, ẹnìkejì rẹ kò ní gbọ́. Òkun kan náà nìyí, àmọ́ ńṣe ló ń rọra lá yanrìn. Àpáta abẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Pinaúnas ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìgbì: ibẹ̀ ló ti ń fọ́. Mo ń rí ìfófòó rẹ̀ lókèèrè, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, omi fà sẹ́yìn. Màmá àgbàlagbà kan dé tàwọn ti garawa àti ṣíbí, wọ́n lóṣòó, wọ́n ń wa yanrìn. Mo kí wọn, mo sún mọ́ wọn. Ihò kékeré méjì tó fara kínra, bí ojú abẹ́rẹ́, ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ti ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ìkarahun tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ á yọ. Wọ́n fi ṣíbí lé mi lọ́wọ́. Mo wa ihò mẹ́fà, mo rí mẹ́rin.

Mo fi ìwọ̀nba èdè Potogí tí mo gbọ́ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọ́n ní dendê àti wàrà àgbọn. Epo pupa wa ni dendê. Mo ní Yorùbá ni mí, láti Nàìjíríà. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn nawọ́ sí apá Ponta de Areia, wọ́n ní: "Babá Egum." Ara mi bù máṣọ. Lápá ibẹ̀ ni Ilê Agboulá wà, tí wọ́n ti ń bọ Egúngún wa títí dòní.

Mo jókòó, mo ń ro àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó wọ Bàhíà, ìpínlẹ̀ tí erékùṣù yìí wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lójú agbami, omi tó rọlẹ̀ báyìí ló pàdé wọn. Ó dùn mí pé ó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, omi bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ó ń kún àwọn ihò tí a wà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá gbé garawa wọn rù, wọ́n bọ́ sọ́nà ilé.