Bí chip 8279 ṣe ń gba iṣẹ́ bọ́tìnnì àti iná nọ́ńbà lọ́wọ́ microprocessor

Nínú gbogbo chip tí Intel ṣe láti máa ran microprocessor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) 8085 àti 8086 lọ́wọ́, èyí tí mo rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú kéré jù lọ ni 8279. Wọ́n á há àwọn àṣẹ rẹ̀ sórí nítorí ìdánwò, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, torí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún wọn ohun tó ń dààmú microprocessor níbi tí kò bá ti sí 8279. Ìdààmú náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n yóò mọ ìdí tí apá kọ̀ọ̀kan chip náà fi wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi SDK-85 ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn board (pátákó tí wọ́n to chip sí) tí Intel ṣe fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa 8085. Bọ́tìnnì 24 ló wà lórí rẹ̀, ojú nọ́ńbà oníná LED 6 ló sì ní, 4 fún àdírẹ́sì, 2 fún dátà. Iná kéékèèké 8 ló wà nínú ojú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, 7 fún ìlà nọ́ńbà, ẹyọ kan fún pọ́íǹtì, tó fi jẹ́ pé bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá fẹ́ ní wáyà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wáyà 48 la máa fà. Kí wáyà má baà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń jẹ́ kí gbogbo wọn jùmọ̀ lo wáyà 8 kan náà, wọ́n á wá máa tan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kíá-kíá, débi pé ojú ènìyàn á rò pé gbogbo wọn ló tàn pọ̀. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò máa ṣe é kò gbọdọ̀ sinmi. Bó bá jẹ́ microprocessor fúnra rẹ̀ ló ń tan iná wọ̀nyí, tó wá lọ jókòó ti ìṣirò gígùn kan, ojú nọ́ńbà kan ṣoṣo ni yóò máa tàn gbòò, àwọn yòókù á sì kú.

Ti bọ́tìnnì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin kékeré inú bọ́tìnnì kì í kan èkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó dúró. Á kàn, á ta kúrò, á tún kàn, fún mílísẹ́kọ̀ǹdì mélòó kan kó tó fara balẹ̀. Ojú wa kò lè rí i, àmọ́ aago 8085 tó wà lórí SDK-85 ń lù ní ìgbà 3,072,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó túmọ̀ sí pé láàárín mílísẹ́kọ̀ǹdì 10 péré, ó ti lù ní ìgbà 30,720. Lójú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìka tó tẹ 7 lẹ́ẹ̀kan lè di 777. Microprocessor gbọ́dọ̀ dúró kí gbígbọ̀n náà parí, kó sì tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí iná tí a sọ lẹ́ẹ̀kan náà ṣì ń retí pé kó wá tan òun.

Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni 8279 gbà. Chip ẹlẹ́sẹ̀ 40 ni. Apá kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sí microprocessor: wáyà dátà 8, RD àti WR fún kíkà àti kíkọ, CS tó ń pè é, àti A0 tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ tó ń lọ. Bí A0 bá jẹ́ 1, àṣẹ la ń kọ tàbí ipò chip náà là ń kà. Bó bá jẹ́ 0, dátà gan-an ni. Lórí SDK-85, wọ́n fi í sí ipò mẹ́mórì, 1800H fún dátà, 1900H fún àṣẹ (H ń sọ pé hexadecimal, kíkà ní mẹ́rìndínlógún, ni nọ́ńbà náà), nítorí náà ìtọ́ni tí à ń fi kọ nǹkan sínú mẹ́mórì náà la fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Apá kejì kọjú sí bọ́tìnnì àti iná. Wáyà SL0 sí SL3 ló ń yan ìlà, wáyà RL0 sí RL7 ló sì ń mú ìdáhùn padà wá. Bí ọlọ́dẹ alẹ́ tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ni 8279 ṣe ń yí ká orí àwọn bọ́tìnnì: bí a bá fi decoder (chip tó ń sọ nọ́ńbà orí wáyà díẹ̀ di yíyan ìlà kan láàárín ọ̀pọ̀) sí ẹnu SL, ìlà 8 ni yóò yẹ̀ wò, bọ́tìnnì 8 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 64 lápapọ̀. Nígbà tí aago inú rẹ̀ bá wà ní 100 kHz (ìlù 100,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, máíkírósẹ́kọ̀ǹdì 80 ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, ìrìnkiri kan sì ń parí ní bíi mílísẹ́kọ̀ǹdì 5.1. Bó bá rí bọ́tìnnì tí wọ́n tẹ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò dúró fún bíi mílísẹ́kọ̀ǹdì 10.3, yóò sì padà wò ó. Bó bá ṣì wà ní títẹ̀, ìgbà yẹn ni yóò tó gbà pé òótọ́ ni.

Ohun tó ń kọ sílẹ̀ fún bọ́tìnnì náà yẹ fún àkíyèsí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ program ti ń ṣìnà. Byte kan ni, ìyẹn bit 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, tí a ń kà láti 0 dé 7: bit 7 ni ipò ẹsẹ̀ CNTL (ti bọ́tìnnì Control), bit 6 ni ti SHIFT, bit 5 sí 3 ni nọ́ńbà ìlà, bit 2 sí 0 ni nọ́ńbà RL. Ká ní bọ́tìnnì wa wà lórí ìlà 2, tó sì so mọ́ RL5. Ìlà 2 jẹ́ 010, RL5 jẹ́ 101. Bí a bá ti so CNTL àti SHIFT mọ́ ground (wáyà tó dúró fún 0), 00010101 ni yóò jáde, ìyẹn 15H. Bí a bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láìso wọ́n mọ́ ibì kankan, ohun tó wà nínú chip yóò fà wọ́n sókè di 1, bọ́tìnnì yẹn kan náà yóò sì mú D5H jáde. Program tó ń wá 15H yóò wá a títí, kò ní rí i. Mo máa ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ ọ́ pé kó fi ANI 3FH, ìtọ́ni 8085 tó ń sọ bit tí a kò fẹ́ di 0, bọ́ bit méjì òkè kúrò, àyàfi bó bá fẹ́ lò wọ́n.

Byte náà yóò tò sórí ìlà inú FIFO tó lè gba 8, èyí tó kọ́kọ́ dé ni yóò sì kọ́kọ́ jáde. Bí nǹkan bá ti wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ IRQ, tó ń pe microprocessor, á lọ sókè. Lórí SDK-85, RST 5.5, ẹsẹ̀ interrupt (ìpè tó ń dá iṣẹ́ dúró díẹ̀) ti 8085, ni IRQ so mọ́, nítorí náà microprocessor á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, á kọ àṣẹ 40H tó ń sọ pé FIFO la fẹ́ kà, á ka byte náà, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ lo interrupt lè ka ipò chip náà: bit mẹ́ta ìsàlẹ̀ ń sọ iye byte tó wà nínú FIFO, òmíràn ń sọ bó bá ti kún, òmíràn sì ń kìlọ̀ pé wọ́n ti tẹ bọ́tìnnì kún un nígbà tí kò sí àyè mọ́.

Lójú tèmi, ọ̀nà tó gbà ń bójú tó iná ló rẹwà jù. RAM (mẹ́mórì) byte 16 ló wà nínú 8279 fún iná nìkan. Microprocessor á kọ àṣẹ, bíi 90H tó ń sọ pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ipò 0 kó sì máa sún síwájú fúnra rẹ̀, á wá kó àwọn byte náà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Láti ìgbà yẹn, 8279 ni yóò máa gbé byte kọ̀ọ̀kan jáde sí wáyà iná, tí àwọn wáyà SL tó ń yẹ bọ́tìnnì wò yóò sì tún máa yan ojú nọ́ńbà tí ó kàn. Nígbà tí a bá lo ipò 16, ojú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń tàn fún máíkírósẹ́kọ̀ǹdì 480, á sì ṣókùnkùn fún 160 kí òmíràn tó gbà á. Òkùnkùn kékeré yẹn ni kò jẹ́ kí nọ́ńbà kan fi òjìji ara rẹ̀ sórí èkejì. Ẹ jẹ́ kó yé wa o, 8279 kò mọ ohun tí à ń pè ní nọ́ńbà 3 tàbí 8. Bí byte bá ṣe rí ni yóò ṣe tan iná. Program ló gbọ́dọ̀ ní tábìlì tó ń sọ ìlà tó yẹ kó tàn fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo iye àkókò tí mo kà sílẹ̀ yìí dúró lórí aago, ibẹ̀ sì ni kò yẹ kí a kánjú. 8279 ń pín aago tó bá wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà láti 2 sí 31, títí yóò fi di nǹkan bíi 100 kHz. Bí wọ́n bá ṣe reset rẹ̀ (dá a padà sí ipò ìbẹ̀rẹ̀), 31 ló máa ń mú, èyí tó bá 3.072 MHz ti SDK-85 mu gan-an, nítorí yóò fún wa ní nǹkan bíi 99 kHz. Ṣùgbọ́n bí a bá fi aago PCLK 2.5 MHz láti ọ̀dọ̀ 8284, chip tó ń pèsè aago fún 8086, wọ̀ ọ́ lórí board 8086 oní 5 MHz, 25 la nílò, àṣẹ rẹ̀ sì ni 39H. Bí a bá fi nọ́ńbà tó kéré jù síbẹ̀, mílísẹ́kọ̀ǹdì 10.3 yẹn á kúrú, gbígbọ̀n bọ́tìnnì á sì ráyè wọlé. Àṣẹ tó ń nu RAM iná náà fẹ́ sùúrù: ó lè gba máíkírósẹ́kọ̀ǹdì 160, bit 7 nínú ọ̀rọ̀ ipò á sì wà ní 1 títí yóò fi parí, a kò sì lè kọ nǹkan sínú RAM náà kó tó parí.

Lónìí, chip bíi TM1638 àti HT16K33 ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí àwọn board kéékèèké, pẹ̀lú wáyà 3 tàbí 2 dípò wáyà dátà 8. Iná tí wọ́n ń tàn ń tẹ̀lé ọ̀nà kan náà, RAM kékeré tí chip ń kà fúnra rẹ̀. Níbi bọ́tìnnì ni wọ́n ti yàtọ̀: TM1638 lè ka bọ́tìnnì 24, àmọ́ kò ní IRQ, kò sì ní FIFO, nítorí náà program gbọ́dọ̀ máa padà bi í léèrè láti ìgbà dé ìgbà, kó sì tún wo ìdáhùn náà lẹ́ẹ̀kejì kó tó gbà á gbọ́.