Bàbá Mi Ló Ń Mutí, Gbogbo Wa Ló Ń Ṣàìsàn

Láràárọ̀, kí ìyá mi tó gbé ẹrù àdìrẹ lọ sí Ìtòkú, àdúrà kan wà tí kì í fò: "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa ó tú." Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin á ṣe àmín. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ ohun tí àṣírí náà jẹ́. Ọtí bàbá mi ni.

Káfíńtà ni bàámi, káfíńtà gidi. Àga tó kàn lọ́dún tí wọ́n bí mi ṣì wà nílé ìyá àgbà, kò mì títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa wọ girama, ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan mọ́ láàárọ̀ àfi tó bá ti mu nǹkan sí i. Á kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ ìyá alágbo tó wà ní ìkòríta, á mu paraga, á ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ òun lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kan ọtí inú ọ̀rá, èyí tí owó bísíkíìtì ọmọdé tó rà. Á kó o sápò, á rì í mọ́ abẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó, á fi sínú bàtà tí kò wọ̀ mọ́. Tó bá di alẹ́, ìyá mi á ṣa ọ̀rá òfìfo jọ, á máa kà á bí ẹni ń ka owó ọjà.

Èmi ni mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Wọ́n á ti san àsansílẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù, owó á ti bá ọtí lọ, wọ́n á wá máa kan ilẹ̀kùn. "Bàámi ò sí nílé, sà. Wọ́n lọ ra pákó." Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni bàámi wà, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní irọ́ yẹn. Mo kàn ṣàkíyèsí pé tí mo bá pa á dáadáa, ìyá mi á rí oúnjẹ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Bàámi kò na ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kò jẹ́ ká wá ìrànlọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ. Tí ìyá mi bá fẹ́ tú inú rẹ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, wọ́n á ní, "Ṣé ó ń nà ẹ́ ni? Ṣé ó ń kó obìnrin wọlé? Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run o jàre." A sì dúpẹ́. Àbúrò mi ń tọ̀ sílé títí ó fi pé ọmọ ọdún 12. Ìyá mi kò tíì pé ẹni ọdún 45 tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní tèmi, bí alákàn ṣe ń fojú ṣọ́rí ni mo ṣe ń ṣọ́ géètì. Mo lè fi bó ṣe ń fa ìdábùú ilẹ̀kùn mọ iye tó ti mu. Mo ti wá dẹni tó ń gbé l'Èkó nílé ọkọ, ọkọ mi kì í sì fẹnu kan ọtí, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni bá ṣí géètì lóru, mo ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó mọ̀ pé mo ti jí.

Ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé ni ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ mi, ní ọdún 2012. Àwọn ará ilé ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú. Láàárọ̀ kùtù, ìyá mi pè mí sẹ́yìnkùlé, ó tú owó sí mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. "Àdùkẹ́, lọ bá mi rà á wá. Kí wọ́n mu ún kí àwọn àlejò tó dé, kí wọ́n lè sùn." Mo lọ rà á. Èmi fúnra mi ni mo gé ọ̀rá náà lẹ́nu, tí mo gbé e fún bàámi ní yàrá. Ó wò mí, ó ní, "Ìwọ náà?" Ó sì mu ún.

Àbúrò rẹ̀ ló jókòó sípò bàbá ìyàwó. A sọ fún àwọn àna pé ibà ló dá bàámi gúnlẹ̀. Nǹkan lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Bí a ṣe ń ká àga ni ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàámi jáde nínú agbádá tí wọ́n rán fún ọjọ́ náà, ó ti wọ̀ ọ́ tán, fìlà wà lórí rẹ̀. Ó wo gbogbo àgbàlá yíká. "Wọ́n ti dé ni?" ló bi mí.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá ọkọ mi sọ fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé òun ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti ṣe ìwádìí kí wọ́n tó wá, bí wọ́n ti í ṣe. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Pásítọ̀ mọ̀, tíṣà mi mọ̀, ìyá alágbo ìkòríta mọ̀ jù wá lọ. Àwa mẹ́ta tó ń ṣàmín sí àdúrà yẹn láràárọ̀ nìkan ló rò pé ó pamọ́. Kí ni a wá ń ṣọ́? Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé bàámi kọ́ ni a fi àṣírí náà bò. Ẹnu ara wa ni a fi dè. Èmi kò lè sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò mi kò lè sọ fún tíṣà ìdí tí kò fi sùn, ìyá mi kò lè sọ fún dókítà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pé kì í ṣe iyọ̀ nìkan ló ń gbé e sókè.

Bí ẹ bá wà nínú irú ilé yìí, ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo tẹ́ ẹ lè sọ òótọ́ fún. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa gbé e kiri, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa ní kẹ́ ẹ lọ máa fara dà á. Tèmi ni ìyá ọkọ mi, ẹni tí mo rò pé ó yẹ kí n sá fún jù.

Ní ọdún 2016, àwọn ẹbí pinnu pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ti ní wọ́n fi ọtí dè é ni, a ti gun òkè àdúrà, a ti mú un dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó fi nǹkan sínú ọtí rẹ̀ kí ó lè kórìíra rẹ̀, tó ń bì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀tẹ̀ yìí, wọ́n tì í mọ́ yàrá, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fojú kan ọtí fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ara rẹ̀ ti ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Lọ́jọ́ kejì gìrì gbé e bíi ti ọmọdé. Lọ́jọ́ kẹta ó ń lé èèrà tí ẹnikẹ́ni kò rí lára ògiri, ó ń bá bàbá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ẹ ò rí i, àsàsí náà ló ń jáde. Ìyá mi ló ké gbàjarè tí a fi gbé e dé ọsibítù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ fún wa, nítorí mi ò mọ iye ilé tí wọ́n ṣì ń ṣe ohun tí a ṣe. Ó ní ọpọlọ ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún dà bí ẹni tó ń fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn kan tí ọtí ń tì láti òdìkejì. Tí ọtí bá kúrò lójijì, onítọ̀hún á já lu iwájú. Ìyẹn ni gbígbọ̀n, gìrì, àti ìran tí bàámi ń rí. Ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kó tó mu, ẹ má ṣe tì í mọ́lé, ẹ má sì gba ọtí lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ kan láìsí oníṣègùn nítòsí. Oògùn wà tí wọ́n fi ń rọ ọpọlọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì máa ń fún un ní fítámì B1, nítorí ọtí máa ń gbẹ ìyẹn lára.

Láti ọsibítù yẹn ni wọ́n ti ní ká máa gbé e lọ sí Aro, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ẹni tó bá dàgbà l'Abẹ́òkúta mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe síni láyà. Èébú ni a fi ń ṣe nílé ìwé: "O máa dé Aro." Ìyá mi sunkún bíi pé wọ́n túfọ̀ òkú. Ẹ̀ka kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti di bárakú fún ni wọ́n ń tọ́jú, ọkọ̀ láti ilé wa débẹ̀ kò sì jìnnà. Gbogbo ọdún tí a fi ń gun òkè kiri, ibẹ̀ ló wà. Ẹ̀yìn náà ni mo kà pé ọmọ Abẹ́òkúta ni Dókítà Thomas Adéoyè Láḿbò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ níbẹ̀ ní 1954, àti pé ó máa ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé àyíká, kí ẹbí wọn lè wà pẹ̀lú wọn bí wọ́n ṣe ń gba ìtọ́jú. Ó yà mí lẹ́nu. Ibi tí à ń sá fún nítorí ìtìjú, wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹbí wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan tó ń bá àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ yíjú sí ìyá mi. "Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin ń rí oorun sùn?" Ìyá mi ní òun ń sùn dáadáa. Ó wá dákẹ́, ó fi ìborùn bojú. Láti ogún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í rí.

Ó yẹ kí èmi náà ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́. Ọdún 2018 ni tèmi tó hàn. Inú dáńfó ni mo wà l'Ọ́jọ́tá tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọwọ́ mi kú, mo gbà pé mo ti ń kú lọ. Wọ́n yẹ ọkàn mi wò, kò sí nǹkan. Dókítà bi mí bí mo ṣe ń sùn, mo ní dáadáa, bí ìyá mi. Ọkọ mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Kì í sùn, sà." Oṣù méje ni mo fi ń lọ bá olùdámọ̀ràn kan sọ̀rọ̀, kì í ṣe nípa bàámi nìkan, nípa ìdí tí mo fi gbà pé tí mo bá dákẹ́ dáadáa tí mo sì ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé láìkù síbì kan, kò sí nǹkan burúkú tó máa ṣẹlẹ̀. Àsìkò náà ni mo kà nípa Al-Anon, ẹgbẹ́ tó ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1951 fún ẹbí àwọn tó ń mutí, tó yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń mutí fúnra wọn. Wọ́n dá odidi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí irú èmi. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn nǹkan tó wá yí padà nílé wa kò tóbi lójú. Ìyá mi kò san gbèsè tí bàámi jẹ àwọn oníbàárà mọ́. Ó ṣòro fún un ju ohunkóhun lọ, nítorí ojú ọmọlúàbí ló fi ń wo sísan rẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó tó ń san yẹn ló ń ra ọtí náà ní ẹ̀yìn. Bàámi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ ọkùnrin kan tó jẹ ní owó kọ́bọ́ọ̀dù. A ò bá a jiyàn mọ́ tó bá ti yó, torí ọtí là ń bá sọ̀rọ̀ nígbà náà. Tójú rẹ̀ bá ti dá láàárọ̀, a ó sọ ohun tí a rí, ní gbólóhùn méjì, a ó sì dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń nà yín ni, ẹ má fi èyí dánra wò. Ẹ kọ́kọ́ jáde lọ síbi tí ẹ̀mí yín kò ti ní sí nínú ewu.

Mo sì ń sọ fún ọmọ mi. Ó bi mí ìdí tí bàbá àgbà kì í fi í mu ju malt lọ níbi ìnáwó. Ọmọ ọdún 8 ni. Mo sọ fún un pé ọtí máa ń ṣe wọ́n ní àìsàn, pé wọ́n ń gba ìtọ́jú, àti pé kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Bàámi padà sídìí ọtí lẹ́yìn oṣù 14, níbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A tún gbé e padà. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí kò tíì mutí, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì pé mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní oṣù Kejì ọdún 2024, mo pè é láti sọ fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí fẹ̀hónú hàn, ìjọba sì tún fún wọn láàyè sí i. Mo mọ̀ pé oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n ń jà fún. Síbẹ̀, mo rántí bí ọ̀rá yẹn ṣe kéré tó nínú bàtà.

Àbúrò mi kò tíì wá sílé. Ìlọrin ló ń gbé, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tó ti tẹ Abẹ́òkúta gbẹ̀yìn. Mi ò fipá mú un, mi ò sì jẹ́ kí ẹbí fi ọ̀rọ̀ "bàbá ẹni ni bàbá ẹni" ká a mọ́. Mo máa ń pè é ní alẹ́ Sunday. A ó sọ̀rọ̀ iṣẹ́, a ó sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Tó bá kù díẹ̀ ká gbé fóònù sílẹ̀, ó máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, á wá ní, "Ṣé wọ́n jẹun lónìí?"

Mo máa ń ní wọ́n jẹun. Á ní ó dáa.