Ẹ bi wọ́n pé tíróídì ọmọ yín dà, kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ

Tí kókó bá yọ nídìí ahọ́n ọmọ yín, tàbí tí nǹkan wú láàárín ọrùn rẹ̀ lókè gògóńgò, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bi dókítà: "Tíróídì ọmọ mi dà?" Tíróídì ni ẹ̀yà ara iwájú ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀; òun ló ń ṣe ohun tí ara fi ń dàgbà, tó sì fi ń móoru. Ẹ bèèrè kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan, ìbáà ṣe dókítà, ìbáà ṣe onígbàjámọ̀.

Ara ọmọbìnrin mi ni mo ti kọ́ ọ. Kétu níhìn-ín, ní orílẹ̀-èdè Benin, là ń gbé. Ó ń sún mọ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí ohùn rẹ̀ yí padà, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu. Tó bá fẹ́ gbé òkèlè mì, á na ọrùn. Lóru, á máa han-run bí àgbàlagbà. Àwọn àbúrò rẹ̀ nílé ìwé ti ga jù ú lọ, òtútù ń mú un nígbà tí àwa ń làágùn, ìgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń le. Kò sẹ́ni tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ìyá ọkọ mi ní bélúbélú ló gùn, pé àwọn mọ onígbàjámọ̀ kan tọ́wọ́ rẹ̀ dára. Ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ tan iná sí ọ̀fun, wọ́n rí kókó pupa róbótó kan, wọ́n sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa. Wọn ò fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló dá wa dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì sanwó yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo TSH rẹ̀, ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sókè tí tíróídì ò bá ṣiṣẹ́ tó, kí wọ́n sì ṣe ẹ̀kógíráfì ọrùn, àwòrán tí wọ́n ń fi ìró yà." TSH lọ sókè gan-an. Ẹ̀kógíráfì ò rí tíróídì kankan níbi tó yẹ kó wà.

Bí dókítà tó wá gba ọ̀rọ̀ náà ṣe là á yé mi nìyí. Nínú oyún, ìdí ahọ́n ni tíróídì ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ lọ síwájú ọrùn láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Ti àwọn kan kì í sọ̀. Nínú àwọn tó dúró sọ́nà báyìí, bíi 9 nínú 10 ló máa ń jókòó sídìí ahọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n: nǹkan bí ẹnì kan nínú 100,000 sí 300,000 èèyàn, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí náà dókítà lè ṣiṣẹ́ títí kó fẹ̀yìn tì láìrí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n èyí tó mú ara mi gbọ̀n ni pé, nínú bíi 7 nínú 10 wọn, kò sí tíróídì mìíràn lára mọ́. Kókó tí wọ́n fẹ́ gé sọnù yẹn, òun ni gbogbo ohun tí ọmọ mi ní. Ẹ̀jẹ̀ sì kún inú rẹ̀. Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ̀jẹ̀ yẹn ì bá dí i lọ́nà ọ̀fun.

Ẹ̀kógíráfì lè sọ pé ọrùn ṣófo, àmọ́ sẹ̀ǹtígíráfì, àwòrán tí wọ́n ń fi oògùn onítànṣán yà, ló lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé kókó ìdí ahọ́n yẹn gan-an ni tíróídì, àti pé bóyá òmíràn tún wà níbòmíràn. Wọ́n kọ lẹ́tà fún wa sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì n'Ìbàdàn, a gba ọ̀nà Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ yọ sí Abẹ́òkúta. Ibi yòówù kí tíróídì wà, á máa fa áyódìn, èròjà tó fi ń ṣiṣẹ́, mọ́ra. Ó sì ń fa technetium-99m, oògùn onítànṣán tí wọ́n fi ń ya àwòrán yìí, mọ́ra bí ẹni fa áyódìn. Ìwọ̀n díẹ̀ ni wọ́n gún sí i lápá. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ kámẹ́rà, wọ́n fi nǹkan ti èjìká rẹ̀ kí ọrùn lè nà. Kámẹ́rà yẹn kì í ju ìtànṣán sí ọmọ, èyí tó ń jáde lára ọmọ ló ń kà.

Ẹni tó ń ya àwòrán fi àmì sí àgbọ̀n rẹ̀ àti sí kòtò ọrùn, kó lè mọ ibi tí ohun tó bá tàn wà. Ó fún un lómi mu, torí pé ibi tí itọ́ ti ń sun náà máa ń gba oògùn yẹn, itọ́ sì lè da àwòrán rú. Ó ya iwájú, ó ya ẹ̀gbẹ́. Mo dúró ti kọ̀ǹpútà. Ọrùn ọmọ mi ṣófo pátápátá. Nínú àwòrán ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn àmì àgbọ̀n, ohun róbótó kan ń tàn níbi tí ìdí ahọ́n wà gẹ́lẹ́. Òun nìkan ni.

Àwọn ará ilé ti ń bẹ̀rù ìtànṣán. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ní wákàtí 6-6 ni technetium yìí ń dín sí ìdajì. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló kù. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe tuntun: láti ọdún 1941 ni dókítà Saul Hertz ti fi áyódìn onítànṣán tọ́jú aláìsàn tíróídì ní Boston, l'Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òtítọ́ fún wọn kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́. Tí aláìsàn bá lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ sọ ọ́. Tí wọ́n bá ti ṣe sìkánà tí wọ́n fi oògùn aláyódìn sí lára rẹ̀ láìpẹ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú, torí tíróídì tó ti yó áyódìn ò ní gba nǹkan mọ́, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àwòrán tó lè dára. Tó bá sì jẹ́ ọmọ tuntun ni wọ́n rí àìsàn yìí lára ẹ̀, ẹ má fi oògùn tíróídì dúró de àwòrán. Ọpọlọ ọmọ tuntun ò lè dúró.

A ò gé nǹkan kan. Levothyroxine ni wọ́n fún un, oògùn tó ń rọ́pò ohun tí tíróídì ń ṣe. Ẹ̀yà kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń tú TSH jáde láti lé tíróídì níṣẹ́, TSH yẹn náà ló ń mú kókó wú, pàápàá nígbà tí ọmọbìnrin ń bàlágà. Bí oògùn ṣe fa TSH wálẹ̀ ni kókó ń sún kì, díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù púpọ̀. Ohùn rẹ̀ padà. Ó ń ga. Omi lásán ló fi ń lò ó láàárọ̀, kó tó jẹun ní ó kéré tán ìdajì wákàtí. Wàrà sóyà tó fẹ́ràn di oúnjẹ ọ̀sán, oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin sì di alẹ́, torí wọn kì í jẹ́ kí oògùn wọlé dáadáa. Ilé oògùn gidi la ti ń rà á, a kì í rà á lẹ́bàá ọ̀nà.

Àwọn mìíràn wà tí kókó tiwọn ń dí èémí tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyẹn lè gba iṣẹ́ abẹ, tàbí áyódìn-131, ìyẹn áyódìn onítànṣán, èyí tó ń dín sí ìdajì ní ọjọ́ 8, tó ń pa kókó náà láti inú. Aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú ò gbọdọ̀ gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀, levothyroxine di oògùn ojoojúmọ́ títí ayé.

Ẹ gba ẹ̀dà àwòrán náà, kí ẹ fi sínú ìwé ìlera ọmọ. Tèmi wà níbẹ̀, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́ pé tíróídì kan ṣoṣo tó ní ló wà nídìí ahọ́n rẹ̀, kí dókítà tó bá tún tan iná sí ọ̀fun rẹ̀ lọ́la lè mọ̀.